Káàdì Páálí Pupa Tí Olóyèdé Tà fún Keziah

Ọjọ́ tí wọ́n kó pósítà ìsìnkú Bàbá Ìbítóyè dé Òsì láti ilé ìtẹ̀wé ní Ìlọrin, Keziah ọmọ rẹ̀ ló tú okùn tí wọ́n fi dì í. Ó fa ẹyọ kan yọ, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Bàbá rẹ̀ ló wà nínú bébà yẹn lóòótọ́, pẹ̀lú agbádá tó wọ̀ ya fótò lọ́jọ́ ìkórè, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti di àwọ̀ ewé, ètè rẹ̀ sì dúdú bí ètè ẹni tó jẹ májèlé.

Kò sí àyè láti tẹ òmíràn. Ìsìnkú ti kù sí dẹ̀dẹ̀, dírẹ́bà tó kó ẹrù náà sì ti já àwọn ìdì yòókù sílẹ̀ ní Ìsólọ̀-Ọ̀pín àti ní Ìlọ́fà kó tó dé Òsì. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹni tó bá gun ọ̀kadà kọjá lójú títì, ojú olóògbé aláwọ̀ ewé ló ń kí i káàbọ̀.

Keziah fúnra rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ náà. Òun ló kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Òsì, kò sì sí ìwé ìpè ìgbéyàwó tàbí ìwé ètò ìsìn tí kì í gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tó fi ẹ̀rọ ka fótò bàbá rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ojú baba náà pupa jù lójú gíláàsì tí àwòrán ti ń yọ, bí ẹni tí wọ́n fi osùn pa lára. Ó wá ń dín àwọ̀ pupa kù díẹ̀díẹ̀, títí ojú náà fi jọ èyí tó mọ̀ láti kékeré. Ó rò pé òun ti tún un ṣe. Ohun tó ń wò lójú gíláàsì kò jọ ohun tó wà nínú fótò rárá, kò sì mọ̀. Inú fótò gan-an ló ti ń yọ pupa kúrò, àwọ̀ ewé ló sì kù sílẹ̀ fún ilé ìtẹ̀wé.

Nínú kọ̀ǹpútà, káàdì kékeré kan wà tó jẹ́ pé òun ló ń gbé àwòrán sí ojú gíláàsì. Lọ́wọ́ Olóyèdé ni Keziah ti ra tirẹ̀. Ará Ìlọ́fà ni Olóyèdé, òṣìṣẹ́ kánsù, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta kọ̀ǹpútà àti ohun èlò rẹ̀. Láti Òkè-Ẹ̀rọ títí dé Èrúkú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń lọ. Bàbá Ìbítóyè ló kọ́ ọ ní ìwé nígbà tó wà ní pírámárì, nítorí náà ni Keziah ṣe ń pè é ní Bọ̀ọ̀dá, tí kò sì bá a yan ọjà jù. Inú páálí pupa ni káàdì náà wà. Wọ́n kọ ọ́ sí páálí pé mẹ́gì mẹ́rin ni. Mẹ́gì ni àyè tí káàdì ní láti to àwọ̀ sí, bó bá ṣe pọ̀ tó ni àwòrán ṣe máa ń dán tó.

"Ṣé kò sí èyí tó dára jù ú lọ, Bọ̀ọ̀dá?" Keziah bi í lọ́jọ́ náà.

"Àwọn kan wà ní Ìbàdàn, páálí funfun ni tiwọn. Orúkọ lásán ni. Ọ̀kan náà ni wọ́n."

Ó gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, lẹ́yìn tí wọ́n ti ibojì dé, àwọn ènìyàn jókòó sábẹ́ àtíbàbà, pósítà náà sì wà lára òpó. Ìyá àgbàlagbà kan láti Ọ̀bọ-Ayégúnlẹ̀ wò ó títí, ó ní kí ló ṣe ojú Bàbá tó fi rí báyìí. Ẹnìkan ní kí wọ́n bi Olóyèdé, nítorí òun ló mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń gbèrò àtira kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀ ló jókòó yí i ká. Olóyèdé gbé ìgò mínírà rẹ̀ sílẹ̀.

"Kọ̀ǹpútà kì í purọ́, Mọ́mì," ó ní. "Ohun tó bá wà lójú ènìyàn ni yóò gbé jáde."

Ó sọ ọ́, ó sì tún gbé mínírà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò sì dúró síbẹ̀. Kí àwọn àlejò tó túká, ó ti di pé nǹkan ti ń jẹ Bàbá Ìbítóyè nínú tipẹ́tipẹ́, pé fótò ló tú àṣírí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti di pé wọ́n fún un ní májèlé. Kò sì sí ẹni tó ń se oúnjẹ fún un ju ìyàwó rẹ̀ lọ.

Ìyá Keziah gbé ìkòkò ẹ̀wà lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ bó ti máa ń ṣe. Bó ṣe gbé e lọ ló ṣe gbé e padà. Kò sí ẹni tó ṣí ìdérí rẹ̀ wò. Ó gbé e sílẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó jókòó ti ìkòkò náà, ó ní, "Keziah, wọ́n ní èmi ni mo pa á." Kò sunkún. Láti ọjọ́ náà ni kò ti lọ sí ìpàdé kankan mọ́.

Keziah ti ṣí àwọn fótò mìíràn wò lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ojú gbogbo wọn ló pupa bẹ́ẹ̀, ó sì fura pé káàdì náà ni. Ó bọ́ sínú bọ́ọ̀sì, ó gba Ìlọ́fà lọ. Ó bá Olóyèdé nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún wọn pé káàdì yẹn ni. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ìjọ, wọ́n á gbà."

Olóyèdé rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí n dúró níwájú ìjọ kí n sọ pé ọjà mi kò dára ni? Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ á rọlẹ̀. Ẹnu ènìyàn kì í pẹ́ lórí ohun kan."

"Ìyá mi ni wọ́n ń pè ní apànìyàn."

"Mo ní á rọlẹ̀."

Keziah dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó dìde, inú rẹ̀ ti yí padà. Kò wá kí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ kó dìde dúró, kó sì gbé Olóyèdé ṣubú.

Ó mú fótò bàbá rẹ̀ àti káàdì náà, ó lọ sí Ìbàdàn, sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mùhísínì tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Mùhísínì ka fótò náà sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Bàbá Ìbítóyè yọ lójú gíláàsì, ó dúdú dáadáa, ara rẹ̀ ń dán, kò pupa, kò sì ní àwọ̀ ewé kankan. Keziah di etí tábìlì mú.

"Káàdì wo ló wà nínú tiyín?" Mùhísínì bi í.

Keziah yọ ọ́ nínú àpò rẹ̀. Mùhísínì wò ó, ó mi orí. "Páálí ló ń sọ mẹ́rin, Sista. Mẹ́gì kan péré ló wà lára èyí. Ẹ wo ojú ibi tó yẹ kí wọ́n jó àwọn yòókù mọ́, ó ṣófo. Tí ẹ bá ṣí àwòrán tó fẹ̀ lórí rẹ̀, àwọ̀ igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta péré ló lè tò. Ojú ènìyàn nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí kò bá rí, á fi èyí tó sún mọ́ ọn dí i. Páálí funfun yìí náà kì í ṣe ọjà olówó, ẹgbẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n mẹ́gì mẹ́rin rẹ̀ pé. Àwọ̀ mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún ló ń tò."

"Ẹni tó tà á, ṣé ó lè má mọ̀?"

"Ọjọ́ tó bá tan kọ̀ǹpútà ló máa mọ̀. Kí ó tó jí dáadáa, káàdì á kọ́kọ́ kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ sójú gíláàsì. Ẹni tó bá ń tà á ti rí i ní àìmọye ìgbà."

Keziah ra páálí funfun kan, ó padà sí Òsì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó jókòó ti àwọn káàdì méjèèjì, ó ń dán wọn wò bí ẹni ń dán ọ̀bẹ wò. Ó ki pupa bọ inú kọ̀ǹpútà, ó ṣe iṣẹ́ kan, ó yọ ọ́, ó ki funfun bọ̀ ọ́, ó tún ṣe iṣẹ́ kan náà. Tó bá fi máòsì fa fótò láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, lórí pupa, fótò náà á máa wọ́ tẹ̀lé e ní abala abala, bí ẹni ń wọ́ ẹní. Lórí funfun, á tẹ̀lé e wọ́ọ́rọ́wọ́. Fíìmù tó wà lórí díìsì ń dá dúró léraléra lórí pupa, lórí funfun ó ń lọ geerege. Funfun náà ní àléébù tirẹ̀. Ó ń gbóná bí ayọ́ọ̀nù, kò sì jẹ́ ṣiṣẹ́ àfi tí ó bá kọ́kọ́ rí díìsì rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé pupa, bí o bá ti kì í bọ̀ ọ́, ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ó wá gbìyànjú lẹ́tà títẹ̀. Ó tẹ ojú ìwé kan lórí pupa, ó tẹ̀ ẹ́ lórí funfun. Kò sí ìyàtọ̀. Dúdú lórí funfun, kò gba àwọ̀ púpọ̀. Fún ẹni tí kò ṣe ju lẹ́tà àti ìbéèrè ìdánwò lọ, káàdì Olóyèdé kò ní àbùkù. Keziah wo ìyẹn dáadáa. Ó ní òun kò ní sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Ó dúró. Òjò rọ̀, òjò dá, ọyẹ́ dé. Ọdún 1998 ń lọ sópin, ìjọba sì kéde ìbò kánsù. Ni ó gbọ́ pé Olóyèdé ti fi iṣẹ́ kánsù sílẹ̀, ó ń du ipò kánsẹ́lọ̀ ní Ìlọ́fà. Fótò rẹ̀ wà lára gbogbo ògiri, eyín rẹ̀ funfun, ara rẹ̀ ń dán. Keziah yọ ọ̀kan lára ògiri, ó ká a, ó fi í sínú àpò.

Hassan ayàwòrán ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà ọjà Ìlọ́fà. Òun náà ra kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ Olóyèdé, káàdì páálí pupa náà ló wà nínú tirẹ̀, àwọn oníbàárà sì ti fi fótò ìgbéyàwó jù ú lójú rí. Nígbà tí Keziah sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún un, ó ronú díẹ̀, ó ní, "Lọ́lá Ọlọ́run, iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni kí o ti ṣe é."

Lọ́jọ́ tí Olóyèdé fẹ́ bá àwọn ará ọjà sọ̀rọ̀, wọ́n gbé tábìlì gígùn sí ìta. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà Hassan sí ọwọ́ òsì, ti Keziah sí ọwọ́ ọ̀tún, irú kan náà ni àwọn méjèèjì, gíláàsì wọn náà ò yàtọ̀. Ohun tó yàtọ̀ kò ju káàdì lọ. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Keziah gbé ojú Olóyèdé sórí àwọn méjèèjì.

Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ dúró nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n dúró nítorí ẹ̀rín. Olóyèdé tó wà lọ́tùn-ún ń dán. Èyí tó wà lósì ti di alábàwọ́n, iwájú orí rẹ̀ pupa bí osùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní àlà bí ilẹ̀ tó sán, eyín rẹ̀ di àwọ̀ ọsàn.

"Kánsẹ́lọ̀ wa rè é o!" ni ẹnìkan pariwo. "Èwo la máa dìbò fún?"

Olóyèdé gba àárín èrò kọjá pẹ̀lú àwọn tó ń tẹ̀lé e. Fúnmilọ́lá ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó pọn ọmọ. Olóyèdé rí Keziah, ó rí ohun tó wà lórí tábìlì, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Kí lèyí, Keziah?"

"Kọ̀ǹpútà ni, Bọ̀ọ̀dá. Kì í purọ́."

Olóyèdé yí sí àwọn ènìyàn, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dá a lóhùn. Gíláàsì tọwọ́ òsì yẹn ló ti bàjẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń tún kọ̀ǹpútà ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Keziah tú okùn gíláàsì méjèèjì lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ó pààrọ̀ wọn, ó mú ti òsì wá sí ọ̀tún, ó mú ti ọ̀tún lọ sí òsì. Gíláàsì tí Olóyèdé ní ó ti bàjẹ́ wá ń gbé ojú tó dán jáde. Àbàwọ́n ti ṣí lọ sórí èkejì. Ariwo sọ lọ́jà.

"Gíláàsì wo ló bàjẹ́?" Hassan bi í.

Keziah pa kọ̀ǹpútà Hassan, ó tún un tàn. Kí ó tó jí, ìlà kan yọ lójú dúdú. Ó pe tíṣà kan nínú èrò kó wá kà á sókè. Tíṣà náà tẹrí ba, ó kà á: mẹ́gì kan. Keziah na páálí pupa sókè kí gbogbo ènìyàn rí mẹ́rin tí wọ́n kọ sí i.

Olóyèdé sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Keziah, mo bẹ̀ ọ́. Ìlú ń wò mí."

"Bàbá mi náà, ìlú wò ó."

"Mo máa wá sí ilé yín. Mo máa bẹ Mọ́mì."

"Ibí ni kí o ti sọ ọ́." Àwọn tó gbọ́ ọ wo ara wọn lójú, nítorí ó ti yọ *ẹ* kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ń bá ẹni tó jù ú lọ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé wí. "Kí ló ṣe ojú bàbá mi? Sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́."

Olóyèdé wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́.

"Káàdì ni," ó ní.

"Sọ ọ́ sókè."

"Káàdì ni! Mo mọ̀ pé káàdì ni. Kò sẹ́ni tó fún Bàbá ní májèlé. Ìyá wọn ò ṣe nǹkankan."

Hassan na ọwọ́ sí jẹnẹrétọ̀ láti pa á, nítorí ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Keziah di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó fi ojú tó ní àbàwọ́n yẹn sílẹ̀ lórí gíláàsì. Àwọn ará Ẹ̀kàn, àwọn ará oko tó ń bọ̀ wá ra iyọ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń lọ sílé, gbogbo wọn ló rí i. Olóyèdé ti lọ tipẹ́. Keziah jókòó ti tábìlì náà, ó káwọ́ mọ́ àyà, ó ń wò ó títí epo fi tán nínú jẹnẹrétọ̀.

Olóyèdé pàdánù ìbò náà. Ó kó lọ sí Ìbàdàn láti lọ wá iṣẹ́, kò mú ìyàwó dání. Àwọn tó ti ra káàdì lọ́wọ́ rẹ̀ ń kó o padà wá sílé rẹ̀, wọ́n ń jù ú sílẹ̀ fún Fúnmilọ́lá lẹ́nu ọ̀nà. Ní Òsì, àwọn ìyá ìjọ wá kí ìyá Keziah, wọ́n gbé iṣu àti epo lọ́wọ́. Ìyá jẹ́ kí wọ́n gbé ẹrù náà kalẹ̀ tán, ó ní, "Ẹ gbé e padà sí ulé yín. Èmi náà ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Keziah, tó wà nínú yàrá, rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú.

Olùkọ́ àgbà ilé ìwé kan ní Ọ̀bọ-Ayégúnlẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ògúndípẹ̀, wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Káàdì pupa wà nínú kọ̀ǹpútà ilé ìwé rẹ̀. "Ìbéèrè ìdánwò nìkan la fi ń tẹ̀," ó ní. "Ṣé ó di dandan ká pààrọ̀ rẹ̀?"

Keziah mọ ìdáhùn. "Ẹ yọ ọ́ sọnù, Sà," ó ní. "Gbogbo ohun tó bá ti ọwọ́ ọkùnrin yẹn wá, ẹ yọ ọ́ sọnù."

Wọ́n yọ ọ́. Ilé ìwé náà kò rí òmíràn rà lásìkò, ọwọ́ ni wọ́n sì fi kọ ìdánwò sáà yẹn sójú pátákó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Fúnmilọ́lá wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Kíláàsì kan náà ni òun àti Keziah wà ní sẹ́kọ́ńdírì, àga kan náà ni wọ́n jọ ń jókòó lé. Kò jókòó báyìí.

"Mi ò wá bẹ̀ ẹ́ nítorí ọkọ mi," ó ní. "Ohun tó ṣe sí Mọ́mì burú, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ ilé ìwé ni mo bá wá. Èmi náà mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀, Keziah. Orí káàdì pupa ni mo ti kọ́ ọ. Ìwọ náà mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe é fún lẹ́tà títẹ̀."

Keziah ń nu tábìlì rẹ̀.

"Ọkọ mi purọ́ fún ẹ pé ó dára fún fótò. O purọ́ fún wọn pé kò dára fún lẹ́tà. Káàdì yẹn wà lọ́wọ́ mi rẹpẹtẹ, mo lè fi tọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án mọ́, nítorí o ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Kí ni èmi fi ṣe ẹ́?"

Keziah dúró pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́. Ó wá gbé e sílẹ̀. "Mo máa lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Ògúndípẹ̀. Mo máa sọ fún un."

"Ìlọ́fà ńkọ́? Wàá sọ fún Hassan àti àwọn ará ọjà?"

"Ìlọ́fà, rárá."

"Keziah."

"Mo ní rárá. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ ọkọ rẹ pé kó gba ìyá mi sílẹ̀, tó fi mí rẹ́rìn-ín. Káàdì yẹn kò ní dára ní Ìlọ́fà láé, níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láyé."

Fúnmilọ́lá tún ọ̀já ọmọ rẹ̀ so. Ó jáde láìkí i.

Keziah gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀bọ-Ayégúnlẹ̀ lọ́jọ́ kejì gẹ́gẹ́ bó ti sọ, ó sọ òtítọ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Ògúndípẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki káàdì pupa náà padà sínú kọ̀ǹpútà wọn. Ọ̀gbẹ́ni Ògúndípẹ̀ kò bá a jà, ṣùgbọ́n kò gbé iṣẹ́ kankan wá fún un mọ́ láti ìgbà náà.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó wọ bọ́ọ̀sì ní Èrúkú, ó ń padà sí Òsì. Bọ́ọ̀sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbéra nígbà tí ọkùnrin kan sáré wọlé, ó jókòó sórí àga tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olóyèdé ni. Ó ti rù, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti ní funfun. Ó rí i, ó fẹ́ dìde, kò sì sí àyè mìíràn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́," ó ní.

Keziah kọjú sí fèrèsé. Bọ́ọ̀sì kọjá oko ẹ̀gẹ́, ó kọjá àwọn obìnrin tó ń ru igi lọ sílé. Ó gbọ́ bí ọkùnrin náà ti ń mí. Ó ti rò pé bí òun bá tún rí i báyìí, àánú rẹ̀ á ṣe òun, tàbí kí inú òun dùn. Kò sí èyí tó wá nínú méjèèjì. Ohun tó wá ni ìyá rẹ̀, lórí àpótí nínú ilé ìdáná, àti ìkòkò tí ìdérí rẹ̀ kò ṣí.

Ní oríta, Olóyèdé ní òun fẹ́ sọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, ó di irin mú. "Ẹ bá mi kí Mọ́mì," ó ní.

Dírẹ́bà wo Keziah nínú dígí. "Ìyá oníkọ̀ǹpútà, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n," Keziah ní. "Ẹ máa lọ."